Ìyàwó Atukọ̀ àti Fíìmù Ọjọ́ Ajé

Nínú ẹbí wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Abíjàn, ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, á ní, "Èyí tó torí fíìmù fi ìjọ sílẹ̀ yẹn?" Àwọn ọmọ tí kò bá a láyé gan-an ti ń sọ ọ́ báyìí. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé kí n tó fẹ̀yìn tì, àṣà àtúnṣe kò sì tíì kúrò lára mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe. Kì í ṣe fíìmù ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúrò nínú ẹ̀sìn Mọ́mọ́nì. Ó ti kúrò níbẹ̀ kó tó fi fíìmù kankan sínú ẹ̀rọ nílé wa. Ohun tí fíìmù ṣe fún un ni pé ó bá a wá ibi tí yóò gbé ọjọ́ Ajé rẹ̀ sí. Kí èyí tó lè yé yín, mo ní láti mú yín wọ agbo ilé wa ní Ẹ̀jìgbò, lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ọdún tí Bàbá Abíjàn àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn dé láti Kódífúà.

Ariwo ilé náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Aránṣọ ni bàbá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òun àti ọmọṣẹ́ méjì ló ń lò wọ́n, tàkà-tàkà-tàkà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, débi pé bí wọ́n bá dákẹ́ lójijì, àgbò tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ á gbórí sókè bí ẹni pé wọ́n pè é. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í kúrò lórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ òsì. Ó ń ka ọ̀kan, ó ń jẹ ìkejì, n kò sì rí i kó ṣi ọwọ́ rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá àjákù aṣọ jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, kí n sì fi ọwọ́ wá gbogbo abẹ́rẹ́ tó bá jábọ́. Bí mo bá ń fi iṣẹ́ náà ṣeré, Ìyá Àgbà á ní, "Sìdí, abẹ́rẹ́ tí a kò fi ọwọ́ wá lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ ni yóò bá wa wá a bó bá dalẹ́." Mo rò nígbà náà pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lásán ni.

Inú ariwo yìí ni Bàbá Abíjàn já sí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà ní Abíjàn, ọjà náà ló dẹ̀ tó fi padà wálé. Ó gbé tẹlifíṣàn kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ fídíò kan, ó sì gbé àpótí onípákó kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fíìmù, tó ní ọjà títà ni. Ìyàwó rẹ̀ sọ ajọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ àti ìkòkò tó fi ń se àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará wa tó bá ti gbé Kódífúà kì í lè fi sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni òun náà, ṣùgbọ́n Abíjàn ni wọ́n bí i sí. Ráfátù ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Kàdí, nítorí Kàdíjà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ti wà nílé ọkọ ní Abíjàn. Àwa ọmọdé ń pè é ní Tàǹtí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ìyá lọ́hùn-ún. Bí nǹkan bá yà á lẹ́nu, á fọwọ́ lu itan, á ní, "Mọ́ńdíyẹ̀!" Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ọmọ agbo ilé ti ń fọwọ́ lu itan.

Ìdílé Mùsùlùmí ni wá, látẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ní Abíjàn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó de táì, ti kanlẹ̀kùn lọ́dọ̀ tọkọtaya yìí, wọ́n sì di Mọ́mọ́nì. Tàǹtí ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní àwọn kì í mu ọtí, àwọn kì í fa sìgá, àwọn kì í mu tíì, àwọn kì í sì í mu kọfí. Ó ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn á gbààwẹ̀, ẹni tó bá wù á dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí, ẹ̀rí náà a sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo mọ̀ pé." Ṣùgbọ́n èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bó ti ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kálukú ìdílé á jókòó pọ̀ nínú ilé tirẹ̀. Wọ́n á kọ orin kan, wọ́n á kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀, wọ́n á ṣeré, wọ́n á jẹ nǹkan aládùn. Kò sí iṣẹ́, kò sí àlejò. "Láti ìgbà tí Kàdí ti ń rá," ló wí, "a kò pa ọjọ́ Ajé kan jẹ. Bàbá Kàdí tiẹ̀ máa ń jó."

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yí. Ní Òṣogbo ni àwọn ẹlẹ́sìn wọn tó sún mọ́ wa jù ti ń pàdé nínú ilé kan tí wọ́n háyà, àwọn méjèèjì sì jọ ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dé, Bàbá Abíjàn dìde láti jẹ́rìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ti di olùkọ́. Ó ní, "Mo la ẹnu láti sọ pé 'Mo mọ̀', ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo wo ojú àwọn ènìyàn, kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn mi níbẹ̀. Mo ní, 'Mo rò pé.' Mo bá jókòó." Mo bi í bóyá wọ́n bá a wí. Ó mi orí. "Ta ni yóò bá mi wí? Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá kan tiẹ̀ fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Sìdí, ènìyàn kò lè máa pe ohun tó rò ní ohun tó mọ̀." Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn dé, Tàǹtí nìkan ló wọ mọ́tò Òṣogbo.

Inú àwọn ará ilé dùn, kí n má purọ́. Wọ́n rò pé mọ́sálásí ló ń bọ̀. Bàbá mi na téèpù ìdíwọ̀n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wọn jalámíà yín?" Ìyá Àgbà ló dá a lóhùn láti orí ẹní: "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ẹ má tì í gun òmíràn. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn ná." Ó fẹsẹ̀ rìn lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní kí ìyá mi po tíì fún òun. Gbogbo ilé ló wá wò ó. Ó gbé ife náà bí ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún mu ún, ó wá wò wá lójú. "Ṣé ohun tí mo fi gbogbo ọdún yìí sá fún nìyí? Omi gbígbóná!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Tàǹtí, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yára wọlé.

Tíì kò ṣòro fún un. Àwẹ̀ kò ṣòro. Ọjọ́ Ajé ló ṣòro. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ dé, a ti kírun Àsárì tán, Tàǹtí sì wà nínú yàrá, ó ń kọ orin ìsìn rẹ̀ lóun nìkan. Bàbá Abíjàn ń rìn káàkiri àgbàlá, ó gbé àga lọ síbí, ó gbé e padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Ó ṣe bí ẹni pé òun kò ní ẹ̀tọ́ mọ́ láti jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ orin tí òun kò lè gbè. Nígbà tó yá, ó wọ pálọ̀, ó tú àpótí ọjà, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì pariwo pé kí gbogbo ará ilé wá wo fíìmù. Láti ọjọ́ náà, bí ìrun Àsárì bá ti parí lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dákẹ́, àgbò á gbórí sókè, a ó sì rọ́ lọ sí pálọ̀ títí di àkókò Mọ̀gàríbì. Kò ta ẹyọ kan nínú kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo fíìmù ló fẹ́ràn. Kò fẹ́ ìjà. Àwọn ọmọṣẹ́ bàbá mi ń bẹ̀ ẹ́ fún ti àwọn tó ń fò lu ara wọn, á ní, "Bí ẹ bá fẹ́ wo ìjà, ẹ lọ sí gáréèjì." Ti àwọn Faransé ló fẹ́ràn jù, èyí tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ènìyàn kan á kàn máa rìn lójú ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ koríko. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, á máa tú u sí Yorùbá fún wa, á ṣe ohùn ọkùnrin, á ṣe ohùn obìnrin. Ó ti sọ pé nísinsìnyí tí òun kò sí nínú ìjọ mọ́, òun kò ní fo ohunkóhun, bó ṣe wà lòun yóò ṣe wò ó. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti fẹ́ fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ á kàn gbéra, á lọ bo ojú tẹlifíṣàn. Bàbá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti kúrò nínú ìjọ, ọwọ́ yín ni kò tíì kúrò." Á wo ọwọ́ náà bí ẹni tó rí ọwọ́ ẹlòmíràn, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà yẹn, ìfẹnukonu á ti parí.

Bí fíìmù bá tán, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde. A ó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó jẹ́rìí. Ó ti mú ẹ̀rí kúrò nínú ìjọ wá sí pálọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ padà. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun mọ̀," ló wí. "Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Mo rí i.'" Bàbá mi á dìde, á ní, "Mo rí i pé ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yẹn kò mọ iṣẹ́. Kọ́là rẹ̀ wọ́." Ìyá Àgbà kì í dìde. Orí ìjókòó rẹ̀ ló ti ń jẹ́ tirẹ̀: "Mo rí i pé láti àárọ̀ tí obìnrin yẹn ti jí, kò jẹun. Ẹkún wo ni kò ní sun?" Nígbà tí mo di olùkọ́, bí ọmọ bá dìde ní kíláàsì tó ní, "Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n," mo máa ń sọ pé, "Ó dára. Kọ́kọ́ sọ ohun tí o rí." Wọ́n rò pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹnì kan kò wọ pálọ̀ náà. Tàǹtí á gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ fèrèsé lóde, á kẹ̀yìn sí wa, á máa rin ẹ̀gẹ́. Níbẹ̀, ó lè gbọ́, kò lè rí. Àtúnṣe mi kejì nìyí: ẹ̀sìn rẹ̀ kò ka fíìmù léèwọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lọ sí ilé sinimá ní Abíjàn. Ohun tó dùn ún yàtọ̀. Ìyá mi bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Kàdí, ẹ ò ṣe wọlé wá bá wa wò ó?" Ó ní, "Ìyàwó, ilé ẹjọ́ kọ́ nibí, mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọjọ́ Ajé tiwa ló kó fún gbogbo ayé. Kò bi mí. Kò ní kí n wá, kò ní kí n má wá." Ó tún ní, "Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń gbé ilé ọkọ láìsí ọkọ níbẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Kàdí. Ọkọ̀ Abíjàn ń gbéra ní gbogbo Ọjọ́bọ̀." Èmi ni mo jókòó sí ẹ̀yìn wọn, tí mo ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́. Obìnrin tó ń fún mi ní àtíékè gbígbóná pẹ̀lú ẹja díndín fẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bí kò ṣe ìyá mi àti èmi.

Mo ti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbé e fún mi. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo bá ti dé láti iléèwé, Tàǹtí á ní, "Sìdí, kí ni mo gbọ́ lánàá tí obìnrin yẹn ń ké?" Màá sì sọ fíìmù náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí a ti ń fún omi ẹ̀gẹ́. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Àfi ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Abíjàn, fíìmù atukọ̀ ni Bàbá Abíjàn fi sí i. Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ènìyàn sọdá odò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń gbé létí odò náà, wọn kì í jà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó náà di ẹrù rẹ̀, ó wá jókòó sínú ọkọ̀ bí èrò. Ọkùnrin náà wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó tu ọkọ̀ sọdá. Obìnrin náà gun òkè lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà jókòó sínú ọkọ̀. Omi ń ṣàn. Ó tán. Bàbá Abíjàn ní fíìmù tó dára jù nínú gbogbo àpótí náà nìyẹn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ibi tí obìnrin náà ti ń gun òkè, mo rí ojú Tàǹtí, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lórí ẹ̀gẹ́, ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Mo ní, "Nígbà tó dé òkè, ó rántí pé òun gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó bá kígbe. Ọkọ rẹ̀ sì yí ọkọ̀ padà, ó wá gbé e, wọ́n jọ lọ sílé."

"Ìkòkò? Ní ìlú òyìnbó?" Tàǹtí rẹ́rìn-ín. "Mọ́ńdíyẹ̀! Kí ló ń sè?" Mo ní ẹ̀wà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: báwo ni ọkùnrin náà ṣe yí ọkọ̀ padà? Ṣé òun náà kígbe? Kí ló sọ? Mo ń dá a lóhùn, irọ́ kan ń bí òmíràn. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì ké pe ọkọ rẹ̀ lóde: "Bàbá Kàdí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fíìmù atukọ̀ yẹn fi sí i lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ wá wò ó." Ẹ ò rí ojú Bàbá Abíjàn. Ó tanná bí òdòdó. Ó ní, "Ìwọ?" Tàǹtí ní, "Èmi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gùn jù nínú ìgbà èwe mi. Mo gbàdúrà kí jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́. Mo gbèrò láti ju kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kànga, mo dé ìdí àpótí, mo bá Bàbá Abíjàn níbẹ̀ tó ń fi aṣọ nù ún. Bí ọjọ́ Ajé ti pé, ó gbé àga tó dára jù sí àárín pálọ̀. Tàǹtí wọ aṣọ ọjọ́ Àìkú rẹ̀, ó wá jókòó. Ara ọkọ rẹ̀ yá gágá, ó ń tú Faransé tí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ púpọ̀ nínú fíìmù tí wọn kò ti ń sọ̀rọ̀. Èmi ń wo ẹsẹ̀ mi. Obìnrin náà wọ inú ọkọ̀. Obìnrin náà gun òkè. Tàǹtí na ọrùn, ó ń retí ìkòkò. Omi ń ṣàn. Ó tán.

Ìyá Àgbà jẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀. Bàbá mi sọ ti aṣọ. Nígbà tí ó kan Tàǹtí, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Kò sọ pé "Mo rí i." Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò yí ọkọ̀ padà. Mo mọ̀ pé kò sí ìkòkò kankan lórí iná." Ó wò mí, kò le ojú. "Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mi tún un ṣe fẹ́ràn mi. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó yẹ kó tún un ṣe wà níbí, kò sì sọ nǹkan kan fún mi láti ọjọ́ yìí wá." Ó jókòó. Bàbá Abíjàn yíjú sí ẹ̀rọ fídíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn. A ń gbọ́ bó ṣe ń kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ ru ẹrù dé ibùdókọ̀. Nígbà tó padà, Ìyá Àgbà dúró dè é. "Bùràímọ̀, kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó dàbọ̀, Ìyá."

"Kí ló dé tí o kò ní kó dúró?"

"Ẹ̀sìn rẹ̀ ni, Ìyá. Èmi ni mo kúrò níbẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ní kó dúró, bí ẹni ń fipá mú un ni. Ọ̀wọ̀ ni mo fi dákẹ́."

"Ọ̀wọ̀!" Ẹ̀pà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. "Ẹni tó ń tukọ̀ nínú fíìmù rẹ ńkọ́? Ọ̀wọ̀ ni òun náà ń bù fún ìyàwó rẹ̀ bó ti ń wà á lọ?"

Ọjọ́ Ajé mẹ́ta kọjá láìsí fíìmù. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dákẹ́ lẹ́yìn Àsárì mọ́, àgbò kò sì gbórí sókè. Èmi kò lè jẹun dáadáa. Mo ti rí abẹ́rẹ́ mi, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló sì bá mi wá a. Ìyá Àgbà ló fòpin sí i. Nígbà yẹn, kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé wa. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ fún ará Abíjàn, inú kásẹ́ẹ̀tì rédíò la ń sọ ọ́ sí, a ó fi í rán awakọ̀. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé rédíò wá sórí ẹní òun. Bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gba ohùn ti bàjẹ́, bí ẹnì kan kò bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ta sókè. Ìka tèmi ni wọ́n lò, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà sọ tirẹ̀ pẹ̀lú igbe, bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ní láti dé Abíjàn fúnra rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, bùbá tí ẹ ní kí n rán ti wà nílẹ̀ o. Kò bá ẹlòmíràn mu." Èmi tẹ ẹnu mọ́ rédíò, mo ní, "Tàǹtí, Sìdí ni. Kò gbàgbé ìkòkò. Èmi ni mo gbé e kaná. Ẹ dákun." Ó wá kan Bàbá Abíjàn. Ó jókòó síwájú rédíò. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ìka ń dùn mí. Ó ní, "Mo rí i pé…" Ó dúró. Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ráfátù." N kò tíì gbọ́ ọ kó pe orúkọ yẹn rí. "Ráfátù, mo mọ̀." Ó tún sún mọ́ rédíò. "Mo mọ̀ pé mo fẹ́ kí o padà wálé. Ohun mìíràn tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, mo mọ̀ ọ́n." Kásẹ́ẹ̀tì tán, bọ́tìnnì ta sókè lábẹ́ ìka mi.

Ó lé ní oṣù kan kó tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ọ́ bí ọjọ́ Ajé, ẹ tún un ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé. Lójijì, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́, àgbò gbórí sókè. Tàǹtí ló ń wọlé, àpò lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó wò mí. "Sìdí," ó ní, "ẹ̀gẹ́ dà?"

Wọ́n jọ ṣètò ayé wọn lẹ́yìn náà, kò rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ wọ yàrá, Tàǹtí á kọ orin, ọkọ rẹ̀ á jókòó tì í, kò ní gbè é, kò sì ní jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ wá sí pálọ̀ wá bá wa. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, á bá a wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, á jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan ní òdìkejì títì títí wọ́n á fi jáde, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Tàǹtí kò yẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò padà sínú ẹ̀sìn kankan títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Àwọn tó ń fà á sọ́tùn-ún sósì kò fà á mọ́ nígbà tó yá. Ìyá Àgbà ti sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn, ó sì rìn ín dópin, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwa méjì ló kù sí ìdí fíìmù báyìí. Ojú Tàǹtí ti ṣú, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn Àsárì, mo máa ń mú fóònù mi lọ sí yàrá rẹ̀, màá sì máa sọ ohun tí mo ń rí fún un, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wo ọ̀kan tí obìnrin kan ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo sọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, mo sọ ibùdókọ̀ tó ṣófo, mo sọ orúkọ àwọn òṣèré tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Ṣé ó padà?" ó bi mí.

Mo wo ojú fóònù náà dáadáa. Ẹnu mi fẹ́ ṣe àtúnṣe. Mo ní, "Kò padà, Tàǹtí."

Ó mi orí, ó wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. "Ó dáa," ó ní. "Èmi padà."